Ìró Ọkọ̀ Tó Ń Lọ sí Ìràwọ̀

Ọjọ́ kẹta tí mo jáde tákàbà ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jókòó sílé nítorí ikú ọkọ mi, mi ò sì sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé mo mú un mọ́ra. Ẹkún ọ̀hún ni kò wá. Lọ́ọ̀rì ló kọ lu ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti Jẹ́bà. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òjò lójú fèrèsé.

Ìyá ọkọ mi ló wá láti abúlé wá bá mi gbé nínú yàrá wa lẹ́yìn Táíwò Road. Àwọn obìnrin ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn mi le. Ìyá ní tirẹ̀ kò bi mí ní nǹkan kan. Á dáná, á gbé abọ́ síwájú mi, á ní, "Ìyàwó, jẹun." Èmi náà á sì jẹ.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn fíìmù tí ọkọ̀ sinimá ń gbé kiri ilé ìwé àti abúlé. Èmi ni mò ń tọ́jú téèpù. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn òyìnbó rìn lórí òṣùpá ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ti wọ̀ ọ́ lára. Kí n tó dé, ó ti ya fíìmù kan nípa tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìràwọ̀. Páálí ló fi ṣe ọkọ̀ náà, ó fi bébà dídán inú páálí sìgá bò ó, ó sì fi òwú so ó rọ̀.

Ó kí mi kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ wá wò ó. Àwòrán ti wà, ṣùgbọ́n kò lóhùn. Ẹ bá mi wá ohùn sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ìdérí àpótí irin ni mo pa dé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀, mo fún sítóòfù onípọ́ǹpù ní afẹ́fẹ́, mo sì tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀ àjèjì tí wọ́n yà sí lójú ọ̀nà, mo da gàrí gbígbẹ sínú àpò, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò, mo sì yí téèpù náà sẹ́yìn, ó wá di ìjì ibi tí ẹnikẹ́ni ò dé rí. Mo ń fi abẹ gé téèpù, mo ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ yẹn kò ní kí n ro ohunkóhun, ó sì bá mi lára mu.

Ohun tó kù ni ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ti gba ohùn jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó gbé e fún mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìlọta ni, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní igun yàrá, aṣọ ló bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án látìgbà náà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbohùn sílẹ̀ wálé. Mo bi Ìyá bóyá mo lè wa ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Ó ní kí n ṣe ohun tí mo bá fẹ́ ṣe. Mo jókòó tì í, mo wà á títí téèpù fi parí. Nígbà tí mo dín eré téèpù náà kù sí ìdajì, ohùn náà wúwo, ó jinlẹ̀, bí ohun ńlá kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìyá gbé orí sókè níbi tó ti ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ìyẹn kọ́," ló wí.

"Kí ni, Ìyá?"

"O sáré wà á láìsinmi. Ọmọ mi kì í sáré. Dìde."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e. Ó wà á díẹ̀, ó dúró. Ó tún wà á, ó pẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Tó bá dé ibi tó ti fẹ́ yí aṣọ, á sinmi," ló wí, kò wò mí. "Mo máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yìí tí mo bá wá kí yín. Mo mọ̀ ọ́n."

Mo gbà á sílẹ̀. Mo dín eré tirẹ̀ náà kù sí ìdajì.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí ló ń mí níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyá ọkọ mi ni, sà. Màá gé e kúrò."

Ó yọ ẹ̀rọ ìgbóhùn tó dé mọ́ etí. "Ẹ má gé e," ló wí, ó sì jáde lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò fúngbà díẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Adéwọlé la ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, ní ọ̀sán, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Mo mú Ìyá dání. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ lára ògiri. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra, àwọn ọmọ na ọrùn wò ó. Ọkọ̀ náà lọ, ó sinmi, ó mí, ó tún lọ. Ìyá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo dúró de ohun tó yẹ kó wá sí mi lára. Ohun tí mo gbọ́ kò ju ibi tí mo ti gé téèpù tí kò dọ́gba lọ.

Nígbà tí a jáde, oòrùn mú gan-an.

"Ìyàwó," ni Ìyá wí, "ṣé wọ́n dé ibẹ̀?"

Wọn ò dé. Òjò ti ba páálí ọkọ̀ náà jẹ́ kí ọ̀gá tó ya ìparí rẹ̀, ojú ọ̀nà ni fíìmù náà ti tán.

"Wọ́n dé, Ìyá."

"Alihamudulilahi."

Mo ra ọsàn méjì lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá géètì, mo bó tirẹ̀ fún un, a sì dúró de mọ́tò.