Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọlé Ni Ẹ̀gbọ́n

Ọmọ ọmọ wa obìnrin fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Ó ní kí n kọ ìmọ̀ràn díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Káfíńtà ni mí, ìwé tí mo kà kò pọ̀, n kò sì jókòó ní yunifásítì rí. Ìyàwó mi ló lọ. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ fúnra mi.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, tábìlì ìgéṣọ tí èmi kàn, dígí gíga kan lára ògiri, àti aṣọ ìkélé ní igun níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Gbogbo òdòdó tí ó gbìn síbẹ̀ ló ń kú. Ó bomi rin wọ́n, wọ́n kú. Ó dín omi kù, wọ́n kú. Ó ra irú kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó búra pé kì í kú, ìyẹn ló tètè kú jù. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó ní ó kan òun. Mo rò pé àwàdà ni. Ó ṣe ìdánwò àtiwọlé, ó yege, ó sì yan ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ilẹ̀ tí gbogbo wa ń bọ̀ wá wọ̀ náà, kí ló kù tí èèyàn fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀. Ìyàwó mi ní bí ó bá ṣáájú òun débẹ̀, kí ó máa ròyìn fún òun.

Ó fa ṣọ́ọ̀bù lé Rọra lọ́wọ́. Opó ni Rọra, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì jẹ́ rí. À ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, yóò ní kí ó rọra. Kì í ṣe àyálò. Ṣọ́ọ̀bù di ti Rọra pátápátá, àtẹ̀rọ àtabẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ ní ibi tí òun yóò sá padà sí.

Ohun kan wà tí ó ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ wa náà ṣe é. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó ní kí n sin òun lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí èrò. A wá gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. A wá ibi tí omi mímu wà, a wá ilé ìyàgbẹ́, a mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ń tì pa. Ẹni tó ṣì ń wá ọ̀nà kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó tún rí ibì kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé tí ariwo kò dé, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò ti máa jẹun ọ̀sán.

Ibi tí a fojú sí kọ́ ni ìṣòro ti wá. A rò pé wọn yóò fi í ṣẹ̀sín. Wọn kò fi í ṣẹ̀sín rárá. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un.

Bí ó bá wọlé, wọn á dìde. Wọn á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún un níwájú, àga tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ṣófo, ti òsì náà ṣófo, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó ti Màmá kí ó máa sọ ìsọkúsọ. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì rí i, ẹ̀rín á dákẹ́. Màmá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Ó wálé, ó ní àwọn ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Inú mi dùn. Inú tirẹ̀ náà dùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀: òun, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń lo dígí ojú, àti ọmọkùnrin kan tó ga débi pé ó ń tẹrí ba kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Iṣẹ́ náà rọrùn létí. Wọn á bu erùpẹ̀ sínú ìgò, wọn á da omi sí i, wọn á mì í, wọn á sì gbé e kalẹ̀. Bí ó bá ti ń tòrò, erùpẹ̀ náà á pín sí ipele. Yanrìn ló ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú. Ohun kan tó kúnná bí àtíkè á tẹ̀ lé e. Amọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Wọn á fi rúlà wọn ipele kọ̀ọ̀kan, wọn á sì fi mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́.

Ìyàwó mi kò fọwọ́ kan ìgò náà. Bí ó bá ti na ọwọ́, ọmọkùnrin náà á gbà á jẹ́jẹ́, á ní kí Màmá jókòó, àwọn á bá wọn ṣe é. Ọmọbìnrin náà á nu àga fún un. Nígbà tí wọ́n kọ èsì sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sókè, nítorí òun ni àgbà. Èsì náà dára.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni olùkọ́ wọn pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin kúkúrú ni olùkọ́ náà, ẹfun ìkọ̀wé kì í kúrò ní apá aṣọ rẹ̀, àkọ́bí wa sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ìyàwó mi fi ipele àárín han òun, kí ó sì sọ ìdí tó fi pẹ́ ju yanrìn lọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi gbé ìgò náà sókè kí ó lè rí i dáadáa. Bí ó ṣe gbé e ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Ó di omi ẹrẹ̀.

Olùkọ́ náà kò bínú. Ó ní kí ó lọ tún un kọ́, kí ó sì bu erùpẹ̀ tirẹ̀ wá lẹ́yìn ìsinmi àárín sáà. Ó ní ẹni tó bá kùnà nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí lẹ́ẹ̀kejì kò ní lè tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ náà, òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ti òun.

Ìyàwó mi kò gòkè wá sílé lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù ló yà sí. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi ráńdà fá dúrọ́ọ̀ kan tó ń há. Rọra ń ṣẹ́tí aṣọ lórí ẹ̀rọ. Ìyàwó mi wo yàrá náà yí ká, ó wá bi í bóyá àyè ẹ̀rọ kan lè wà ní igun fún òun, bó bá di pé òun ní láti padà. Rọra tẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó ran aṣọ náà dópin, ó gé òwú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí ọ̀rọ̀ Rọra tó yé yín. Nígbà tí Rọra wá kọ́ṣẹ́, ó bá ọmọdébìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ bọ̀. Rọra tó ẹni tó lè bí i. Lọ́jọ́ kan, Rọra ń ran apá aṣọ kan, ó kọ inú rẹ̀ síta. Ọmọ náà rí i. Kò lè sọ fún àgbà pé ohun tó ń ṣe kò dára, ó sì ń wò ó títí aṣọ fi parí. Oníbàárà wọ inú ìkélé lọ, ó jáde, apá kan dára, apá kejì dà bí ìfun. Ìyàwó mi pe àwọn méjèèjì. Ó ní nínú ṣọ́ọ̀bù òun kò sí ọjọ́ orí, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Kí Rọra máa pe ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n, kí ó sì máa gbálẹ̀, torí òun ló dé kẹ́yìn. Rọra bínú bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbálẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́jẹ́ nígbẹ̀yìn. Bí Rọra ṣe mọ aṣọ rán nìyẹn.

Rọra gbójú sókè kúrò lára aṣọ.

“Ọ̀gá, níbi ìwé yẹn, ta ló kọ́kọ́ wọlé?”

 Inú ìwé orúkọ kejì tí wọ́n gbé jáde ni orúkọ ìyàwó mi wà; àwọn tó kù ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó dé.

“Àwọn ni.”

“Ṣé ẹ ti rí i. Kò sí àyè ní igun o. Ẹ lọ gbálẹ̀.”

Mo fá dúrọ́ọ̀ mi lọ. N kò dá sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi dé yàrá iṣẹ́ ọwọ́ kí àwọn yòókù tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ ló máa ń pín iṣẹ́ ìtọ́jú ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn méjì wọ̀nyẹn ti yọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó nu tábìlì, ó fọ àwọn ìgò, ó tò wọ́n dojú bolẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó rí i, ó sáré di àkísà mú. Ìyàwó mi kò fi sílẹ̀. Wọ́n ń fa àkísà náà bọ̀, wọ́n ń fà á lọ, títí ọmọkùnrin gíga náà fi wọlé bá wọn.

Ìyàwó mi sọ òfin ṣọ́ọ̀bù fún wọn. Ó ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n òun láti òní lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Bí ìyá mi bá gbọ́, mo gbé.”

“Ṣé ìyá rẹ ló máa bá mi ṣe ìdánwò?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n dúnàádúrà. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣàìpè é ní Màmá, ẹnu àwọn kò ní gbà á. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gba ìgò lọ́wọ́ òun mọ́, bí òun bá sì ṣì í ṣe, kí wọ́n sọ ọ́. Òun náà fún wọn lórúkọ. Ọmọkùnrin náà di Ẹ̀gbọ́n Àkàbà. Ọmọbìnrin náà di Ẹ̀gbọ́n Olójú-dígí.

Ti àkọ́kọ́ le fún wọn. Ìyàwó mi ń da omi, Olójú-dígí ń wò ó. Ọmọ náà họ orí. Ó yọ dígí, ó nù ún, ó fi padà. Ó wá ní omi yẹn mà ti fẹ́ẹ́ pọ̀ o, Màmá, bí wọn ò bá ní bínú. Ìyàwó mi ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ó dà á nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó wálé lọ́jọ́ kan tí ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tí wọ́n fún ní aṣọ. Ó ní Àkàbà wo ìṣirò òun, ó ní, “Rárá o, ẹ tún un ṣe,” kò tilẹ̀ fi mà sí i.

Wọ́n wá ń jókòó tì í. Àwọn àga òfìfo méjì yẹn ní onílé. Àkàbà sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu olùkọ́ ni èèyàn ń kọ; kí ó kọ èyí tí kò yé e, kí ó sì bi í lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Ọmọ wa, èyí wúlò. Ìyàwó mi náà rí ohun kan. Olójú-dígí kì í jẹun ọ̀sán. Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ. Kò mọ ẹnì kankan tí yóò bá jẹun, ojú sì ń tì í láti dá jókòó láàrin èrò. Láti ìgbà tó ti dé, inú yàrá ló máa ń wà ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò máa wo ògiri. Ìyàwó mi mú un lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun pọ̀ títí wọ́n fi jáde ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kejì pé, ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ó ti bu erùpẹ̀. Ó ti mì í lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti gbé e sórí tábìlì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Olùkọ́ dé iwájú rẹ̀. Ìyàwó mi kò gbé ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ìgò náà dọ́gba, ó sì bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi fi yanrìn hàn án, tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí aṣọ. Ó fi èyí tó dà bí àtíkè hàn án, ó ní ó fúyẹ́ ju yanrìn lọ, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ nínú omi. Gbogbo ìyókù, amọ̀ ni. Ó ní amọ̀ ń di omi mú, omi ń dúró ti gbòǹgbò, gbòǹgbò ń jẹrà, òdòdó ń kú. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè kan sí i nípa iyọ̀ inú ilẹ̀. Ìyàwó mi ní òun kò mọ èyí, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún òun. Olùkọ́ sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó gbé ìgò rẹ̀ lọ, ó ti yege.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Olójú-dígí wá sílé wa. Òun àti ìyàwó mi jọ ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń po yanrìn àti ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Ọmọ náà ń sọ fún un pé kò tíì jìn tó, kí ó gbẹ́ ẹ sí i. Rọra gbọ́ ohùn náà, ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó bi ìyàwó mi pé ọmọ ta ni ó ń pàṣẹ fún un báyìí.

Ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n òun ni.

Rọra wo ọmọ náà látòkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé àga wá fún un, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi.” Ọmọ náà sá fún àga náà bí ẹni rí ejò. Kò jókòó lé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbẹ̀yìn, èmi ni mo jókòó sí i.

Àwọn òdòdó náà yè. Kì í ṣe gbogbo wọn.