Fọ́líbọ́ọ̀lù Ọjọ́ Sátidé àti Sálúbàtà Mi Kan Ṣoṣo

Ojú títì la ti ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, kì í ṣe pápá. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó fi táyà méjì dí ọ̀nà, a ó fi eérú fa ìlà sórí ọ̀dà, a ó so nẹ́ẹ̀tì mọ́ òpó iná kan àti igi máńgòrò kan. Ọlọ́kadà tó bá ń kánjú, kó lọ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn mẹ́sàn-án la máa ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti gbọ́ pé mẹ́fà ni wọ́n ń kó níbi tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù náà gbá, ṣùgbọ́n èèyàn wa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó wòran. A kì í pààrọ̀ ipò pẹ̀lú. Ibi tó o bá dúró sí níjọ́ kìíní, ibẹ̀ lo máa dúró sí títí eékún ẹ á fi kọ̀.

Télọ̀ ni mí. Èmi ni mo máa ń rán nẹ́ẹ̀tì yẹn tó bá ti ya, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi láyè nínú àwọn mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń dúró sí, lápá òsì, lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé. Tó bá sì dé, màá kígbe pé "Tìẹ ni!" sí ẹni tó bá sún mọ́ mi, màá sì dijú. Bí mo ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún gbọọrọ láìsí pé ojú mi wú nìyẹn.

Sátidé kan a gbàlejò, Sátidé kejì a lọ ṣe àlejò, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn ín, tàwa ti nẹ́ẹ̀tì léjìká. Bọ́ọ̀lù yìí ló fi Adó-Èkìtì hàn mí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀nà mẹ́ta péré ni mo mọ̀: ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀nà Fájuyì tí mo ti ń ra òwú. Fọ́líbọ́ọ̀lù ló mú mi dé Òkè-Ìlá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bọ́ọ̀lù tó bá bọ́, ẹ̀yìn ilé kẹwàá lo ti máa lọ bẹ̀bẹ̀ fún un. Òun ló mú mi dé Ìrọ̀nà, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bú ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sọnù bí ẹni ń bú ọkọ ọmọ wọn.

Òfin wa ò pọ̀. Onílé á kọ́kọ́ bọ́ àlejò. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àlejò ló máa tọ́ oúnjẹ wò ṣáájú, òun náà ló sì máa ṣí bọ́ọ̀lù, kó kọ́kọ́ gbá a kọjá nẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá jẹun, tí kò bá ṣí i, kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, kálukú á gbalé rẹ̀ lọ. Àgbà wa tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sóko rẹ̀ ní Ìjàn, bí ipò náà ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn. Oúnjẹ títọ́ wò, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Bọ́ọ̀lù ṣíṣí ni ìṣòro.

Nígbà yẹn, wọ́n ń la ọ̀nà kan lápá Ìjàn. Àwọn ará Ṣáínà tó gba iṣẹ́ náà kọ́ ibùgbé wọn sẹ́bàá ọ̀nà: ilé onípákó olórùlé búlúù ní ìlà ìlà, ọgbà ẹ̀fọ́, géètì irin ńlá, àti fìtílà pupa méjì tí wọ́n so kọ́ òkè géètì. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pe ibẹ̀ ní Ṣáínà. Ọlọ́kadà á dúró ní Fájuyì, á máa pariwo, "Ṣáínà, ẹnì kan! Ṣáínà, mò ń lọ báyìí!", bí ẹni pé ọ̀kadà ẹ̀ lè sọdá òkun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó dàgbà lọ́wọ́ mi, ló ń dáná fún wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú aṣọ tí mo rán fún un, mo ní kí n kúkú gbé e lọ bá a níbi iṣẹ́. Mo dé ẹnu géètì. Mo gbọ́wọ́ sókè pé kí n kànkùn. Ni ajá kan bá gbó nínú.

Mi ò rí ajá o. Ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́, ohùn náà sì nípọn bíi ti olórí akọrin wa nígbà tí àwọn akọrin bá pẹ́ dé. Èmi àti ajá ò rẹ́ láti kékeré. Nígbà tí orí mi máa padà sípò, mo ti sá dé ibi tí wọ́n ti ń ta bùlọ́ọ̀kù, aṣọ wà lábíyá mi, sálúbàtà kan ló sì kù lẹ́sẹ̀ mi. Sálúbàtà náà kì í ṣe èyí téèyàn ń ṣì mọ̀. Okùn rẹ̀ ti já rí, èmi fúnra mi ni mo fi òwú yẹ́lò tó ṣẹ́kù lára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé rán an, gbogbo àdúgbò ló sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀.

Bí mo ṣe wọ àdúgbò lẹ́sẹ̀ kan òfìfo, wọ́n dìde sí mi.

"Àǹkù! Kí ló dé?"

"Wọ́n tú ajá sí mi!"

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dúró, ìtìjú ò wá jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo sì sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó máa fi di alẹ́, ajá náà ti di méjì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo ti ń ṣàpèjúwe bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ajá ń lé mi lọ.

Inú bí àdúgbò fún mi. Àwọn ará Ṣáínà ti ń ránṣẹ́ látẹnu ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn náà fẹ́ bá wa gbá fọ́líbọ́ọ̀lù. Kápútéènì wa, bíríkìlà kan tó ga bí òpó, ní láéláé. Ìyẹn kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà ń parí lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá ibi tó máa gbé ìkòkò lé. Ojú ẹ̀ wà lára àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń lọ ata lójú títì wa, Ìyá Ẹ̀rọ là ń pè wọ́n. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe búkà. Ìyá Ẹ̀rọ ti fẹ́ gbà kó tó di pé mo dé pẹ̀lú ìtàn mi. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní rárá.

"Àbúrò ìyá ẹ̀ ni wọ́n tú ajá sí," wọ́n ní, "síbẹ̀ ó ń se oúnjẹ fún wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé tiwa ló máa rò? Ta ni á lọ jẹun lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo jókòó sídìí maṣíìnì mi, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ tó ti ní òwú tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lo wá ṣe? O ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n kó ẹrù wọn. Mo ti bẹ kápútéènì. Ó ní ẹ̀yin lajá lé, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ bóyá kí àdúgbò lọ. Tí wọ́n bá lọ, èmi ni mo máa se oúnjẹ àlejò. Tí Ìyá Ẹ̀rọ bá lè tọ́ ọ wò lásán, Bọ̀dá, wọ́n á fún mi láyè yẹn."

"Ṣé o rí i, eékún mi yìí…"

"Eékún yín ti ń wa maṣíìnì láti àárọ̀."

"Ajá ńkọ́?"

"Ajá wà níbẹ̀." Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ̀yin kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Mo ní ó dáa, a ó lọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ Sátidé náà, àdúgbò rọ́ jáde, àti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tí kò gbá a rí, torí kò sẹ́ni tó ti wọ Ṣáínà rí. Kápútéènì ló síwájú. Èmi tó yẹ kí n síwájú, mo ní kí n máa bójú tó nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. Ìyá Ẹ̀rọ mú ọmọ ọlọ ata wọn dání, wọ́n ní torí ajá ni. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbàdúrà pé kí òjò rọ̀. Oòrùn wá mú gan-an.

A dé géètì. Ajá gbó. Géètì ṣí, ọ̀gá wọn jáde, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà róbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ ní Yorùbá, Yorùbá Èkìtì ló sì kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wọ ulé! Ẹ wọ ulé!"

"Háà!" Ìyá Ẹ̀rọ ní. "Ọmọ ibí mà lèyí!"

Ni ajá náà bá yọ. Ajá kúkúrú kan, ó ti darúgbó, ikùn ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó rìn wá sáàárín wa, ó dùbúlẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ sókè pé kí wọ́n họ inú fún òun.

"Àǹkù," Ìyá Ẹ̀rọ ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìró mi sílẹ̀, ẹ fẹ́ tú mi síhòòhò."

Kápútéènì yíjú sí mi. "Ṣé èyí ló lé yín?"

"Kì í ṣèyí. Èyí tó tóbi ni. Ó ní láti wà nínú ilé."

Ọ̀gá wọn mi orí. "Ajá kan ṣoṣo la ní." Ó wá dà bí ẹni rántí nǹkan kan. Ó wọ yàrá máígàádì lọ, ó mú nǹkan kan bọ̀ nínú ọ̀rá, ó yọ ọ́. Sálúbàtà mi ni, wọ́n ti fọ̀ ọ́. "Ọkùnrin kan já a sílẹ̀," ó ní. "Géètì wà ní títì. Ajá wà nínú ulé. A pè é, pè é, ó ń sá lọ ni. A ò mọ ulé ẹ̀."

Òwú yẹ́lò náà ń tàn nínú oòrùn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gba sálúbàtà náà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó fi pamọ́ sẹ́yìn. "Àlejò kan ló ni ín, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti he sálúbàtà yẹn ló ti mọ̀. Ta ló tún lè ní òwú bẹ́ẹ̀ lára bàtà? Ó mọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ òun láìdáa, kó má baà jẹ́ pé èmi ni wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Ó tún ń bò mí láṣìírí níbẹ̀ yẹn.

Mo ní kó fún mi ní sálúbàtà mi. Mo wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀.

"Ajá kankan ò lé mi," mo ní. "Ẹnikẹ́ni ò tú nǹkan kan sí mi, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohùn ajá yìí ni mo gbọ́ tí mo fi sá. Ohùn nìkan. Gbogbo ìyókù, èmi ni mo rán an."

Mo retí pé ilẹ̀ á lanu. Ìyá Ẹ̀rọ wo ajá tó gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ajá. Wọ́n wá ju ọmọ ọlọ sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ géètì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kápútéènì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àwọn Ṣáínà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ajá méjì!" ni Ìyá Ẹ̀rọ ń wí. "Àǹkù, ajá méjì! Mo tún gba ààwẹ̀ fún yín!"

A jẹun. Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ inú ọgbà wọn, àti bọ́ǹsì funfun kan tí wọ́n ń fi ooru omi sè bí ẹni se mọ́ínmọ́ín, tó rọ̀ bí òwú. Mo ní ó dáa. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ mọ́ lórí ohunkóhun, torí náà Ìyá Ẹ̀rọ ní àwọn á tọ́ ọ wò fúnra àwọn. Wọ́n jẹ iyán méjì, wọ́n di bọ́ǹsì mẹ́ta sétí gèlè.

Nígbà tí a dé ojú ìlà, èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n tò síwájú wa. Kápútéènì ní ta ló sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi ọ̀gá ẹ̀ léèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbá a lábúlé àwọn, mẹ́sàn-án, lójú títì, wọn kì í sì í pààrọ̀ ipò. Ẹnì kan wà lẹ́yìn níbẹ̀, lápá òsì tiwọn, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló kígbe nǹkan kan sí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì dijú. Ọkàn mi fà sí i lójú ẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí mo ṣí bà kápútéènì wa nípàkọ́. Wọ́n nà wá, mi ò ní purọ́, mo ti purọ́ tó. Bí a ṣe ń jáde ní géètì, mo gbọ́ tí Ìyá Ẹ̀rọ ń sọ fún ọmọ náà pé, "Wá wọn àyè yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bọ́ǹsì yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o."

Ọ̀nà ti parí báyìí, àwọn ará Ṣáínà ti lọ. Búkà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata, ibẹ̀ ni à ń bọ́ àlejò sí lọ́jọ́ Sátidé. Nǹkan kan péré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí léèrè kó tó ṣe é: wọn ò lè gbé ajá wọn sọdá òkun, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà búkà gan-an ló máa ń sùn sí.

Lójoojúmọ́, tébi bá ti ń pa mí, màá dúró lódìkejì títì.

"Ṣé o ti so ó?"

"Ó ń sùn, Bọ̀dá. Ẹ wọlé."

Ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé. Ìyá Ẹ̀rọ sì ti pàṣẹ pé kí n máa bọ́ sálúbàtà méjèèjì sọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá.