Òdo Ni Wọ́n Ní Kí N Kọ Sí Iṣẹ́ Mi

Lónìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò nílò ènìyàn.

Ọ̀gá mi ní kí n ṣírò iye òṣìṣẹ́ tí ilé ìwòsàn wa ní Bulumkutu máa nílò lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú owó oṣù wọn. Mo kọ ẹni méjì sí yàrá fáìlì, níbi tí èmi kọ́pà ti ń dá ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá fagi lé e.

"Kọ òdo síbẹ̀."

"Ta ló wá máa ṣe é, sà?"

"Haba! Kọ́pà mìíràn ń bọ̀. Ìjọba ló ń sanwó wọn."

Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá yìí náà ló ṣèlérí láti gbà mí síṣẹ́ tí mo bá sìnlú tán!

Mo kọ òdo náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n kọ́ kọ́pà tó ń bọ̀ níṣẹ́, àbí kí n jẹ́ kí òdo yẹn máa ṣe é?