Òkú tí Ọkọ̀ Pétérù Wọ́ Lọ

Ìgbà tí Jákọ́bù Ọlọ́rundáre kọ́kọ́ kú, ọkọ̀ Pétérù ló wọ́ òkú rẹ̀ dé ìlú Molutehin.

Eré ni ikú ọ̀hún o. Ẹgbẹ́ eré Oríòkè-Ìwàmímọ́, ìlú orí omi kan, ló ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan, nípa ọkọ tó díbọ́n kú kó lè gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ. Jákọ́bù ni ọkọ. Hánà, olórí ẹgbẹ́, ni ìyàwó. Òkú kò gbọdọ̀ dìde àfi tí ìyàwó bá sunkún.

Ọkàn Hánà kò balẹ̀ rárá. Òjò ti da eré náà rú rí, Alàgbà Ísákì, tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ìlú, sì ti là á mọ́lẹ̀ pé, “Tí ẹ ò bá ṣe é parí lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀n la máa kó sínú gbọ̀ngàn yín.” Tí gbọ̀ngàn bá lọ, ẹgbẹ́ tú nìyẹn.

Jákọ́bù, tó ń kan ọkọ̀, ló to pákó lé ọkọ̀ méjì tó fi ṣe pèpéle, kí ará ìlú lè jókòó sínú ọkọ̀ tiwọn wòran. Nígbà tí ọkọ̀ òǹwòran gba gbogbo òpó èbúté, ó so pèpéle mọ́ ọkọ̀ Pétérù apẹja, láìsọ fún un.

“Bàbá, tó bá fẹ́ lọ ńkọ́?” ni Hánà bi í.

“Lọ síbo? Kó fi eré tèmi sílẹ̀?”

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, tí Jákọ́bù ti nà bí òkú lórí pèpéle, Hánà sọ̀ kalẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ. Pétérù rí i pé omi ti ń fà sẹ́yìn, ó rántí ẹja, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó wúwo. Ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń ṣàárẹ̀, ló bá tún fún un níná sí i. Bí òkú ṣe gbéra nìyẹn.

“Bàbá, ẹ dìde!” ni gbogbo èbúté ń pariwo.

Òkú la ojú kan. “Ṣé ó ti sunkún?”

“Rárá!”

Ó pa á dé.

Ní Molutehin, Sùrájù, òṣìṣẹ́ epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, rí òkú nínú aṣọ funfun, ó figbe ta. Òkú ní, “Ẹ rọra, ìyàwó mi ń bọ̀ lẹ́yìn.” Sùrájù bẹ́ sómi tòun ti bàtà.

Lóòótọ́ ni ìyàwó ń bọ̀. Gbogbo ìlú ló ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé Hánà. Ó gun pèpéle, ó sunkún, òkú jí, eré parí. Alàgbà Ísákì rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àwọ̀n mọ́.

Jákọ́bù yìí le o! Lọ́dọọdún tí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré náà, ló ń bá Hánà ná ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ná ẹja.

“Fi gbólóhùn mẹ́ta kún tèmi.”

“Bàbá, òkú ni yín.”

“Kó jẹ́ méjì. Òkú àgbà ni mí.”

Tó bá sì ń pìtàn ọjọ́ náà, ìrìn àjò ọ̀hún ń gùn sí i ni. Ó kúrò ní Molutehin, ó kọjá Èkó. Ó kù díẹ̀ kó dé Gánà kí Olúwa tó pè é.

Kọ́lájọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Kò ná ọ̀rọ̀, kò mira. Hánà kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún náà kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Ẹ̀rù ba òkú. Ó dìde, ó gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti jí.”

“Mo rí ọ, ọmọ mi,” ni Hánà wí, ó ń fi ìborùn nu ojú. “Ẹkún tìẹ kọ́ ni mò ń sun.”