Sólà Dúdú Bàbá Mi

"Lọ jẹun kó tó tutù. Mo fẹ́ gun òrùlé lọ wo ohun tó ń ṣe sólà tèmi."

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń ṣe tiwọn. Mi ò sọ. Mo jókòó, mo ń jẹ ìrẹsì.

Tsuneo Hamazaki ni orúkọ wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹsẹ̀ òkè ayọnáyèéfín Sakurajima níbí ni wọ́n ti ń gbin dáíkọ́nì, ewébẹ̀ onígbòǹgbò funfun, èyí tó máa ń tóbi tí ọmọdé ò fi ní lè dá a gbé. Tí òkè bá ń da eérú, wọ́n á fi aṣọ ìnura borí, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà ti jí," wọ́n á sì máa roko wọn lọ.

Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n gbé sólà dúdú sórí òrùlé, irú tí wọ́n ń pè ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó ń mú iná wá nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, ara gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bàbá ní ooru kì í tètè mú un, òjìji díẹ̀ ò sì ní kó má ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan òrùlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo kúrò nílé ìwé. Lọ́dún tó kọjá ọ̀gá mi fún mi ní sólà sílíkọ́nì mẹ́jọ tí oníbàárà kan ò fẹ́ mọ́, aláwọ̀ búlúù. Mo gbé wọn wálé bí ẹni gbé ìyàwó.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Yusaku, ìwé ò gbà ọ́, iná lo wá fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Bàbá. Kí mítà sọ̀rọ̀."

Bàbá Nakazono, aládùúgbò wa, gbé ife ọtí wọn sílẹ̀. "Tsuneo, ọmọ ẹ máa dójú tì ẹ́ o."

"Àkúfọ́ tí wọ́n kó dànù yẹn? Kó máa bọ̀!"

A to wọn sórí òrùlé kí agbára tiwọn àti tèmi lè dọ́gba. Mítà méjì wà lára ògiri ilé ìdáná, ọ̀kan fún tiwọn, ọ̀kan fún tèmi. Òfin kan ni Bàbá ṣe: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Òkè ló ń da eérú, òjò ló ń fọ̀ ọ́. Sólà tí ò bá lè bá eérú gbé, kò wúlò níbí."

Alaalẹ́ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé. Nígbà òtútù, tèmi fi díẹ̀ ju tiwọn lọ. Nígbà tí ooru dé, tiwọn kọjá.

"Ooru ti mú ìyàwó o!" ni wọ́n ń ké sí mi.

"Fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i!" ni Bàbá Nakazono á dáhùn.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí. Mo ṣáà fẹ́ mú ohun kan wálé lẹ́ẹ̀kan tó máa borí tiwọn.

Nínú oṣù kẹjọ, òkè da eérú fún ọjọ́ mẹ́rin. Láràárọ̀ tí Bàbá bá ti lọ sóko, mo gun òrùlé, mo fi omi ṣan tèmi. Tèmi nìkan. Òkun ni òrùlé kọjú sí, ẹni tó wà nílẹ̀ ò lè rí i. Tèmi ń mú yúníìtì mọ́kànlá wá lójúmọ́, tiwọn méje. Bàbá ò dápàárá mọ́. Wọ́n á dúró síwájú mítà, wọ́n á máa fi ìka kàn án. "Kí ló ń ṣe ọ́?" Bí ẹni ń bi màlúù tí ara ẹ̀ ò yá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n gun òrùlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí táìlì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́, "Háà." Wọn ò pariwo. Èmi kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Táìlì kan fọ́, nǹkan tó wúwo já lulẹ̀. Mo ju ìrẹsì sílẹ̀.

Bàbá Nakazono ń sunkún níwájú ìkòkò tí a kó egungun Bàbá sí lẹ́yìn tí a sun òkú wọn. Wọ́n ń bú Bàbá: "Arúgbó olóríkunkun, ta ló ní kó o gòkè?" Wọ́n yíjú sí mi. "Kí ló tiẹ̀ ń wá lókè yẹn?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo tàwọn."



Mo ṣí ìwé nọ́ńbà wọn. Ìlà tó kẹ́yìn: "Yusaku 11, èmi 7. Ó jọ pé ọmọ yìí ló tọ̀nà. Kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sọ fún un."

Òní ló pé ọjọ́ keje. Òjò ò tíì rọ̀. Láàárọ̀, mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo gun òrùlé. Eérú nípọn lórí sólà dúdú. Ìlà kan wà nínú rẹ̀, ó gùn, ó tọ́. Ìka Bàbá ni. Wọ́n ti rí i, nígbà náà. Wọ́n mọ̀ pé mo ti fọ tèmi.

Ó pẹ́ kí n tó lè ṣí omi. Mo fọ méjèèjì. Ìlà náà bá omi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ka mítà. Mo kọ ọ́: "Bàbá 13, èmi 12." Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo máa ń fọ tèmi. Mo gbé ìwé náà síwájú tùràrí tó ń jó níbi ìkòkò egungun wọn.

Eérú tí omi gbé wálẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo gbá a jọ, mo kó o sínú àpò tí ìjọba ń pín fún eérú, mo di ẹnu rẹ̀. Ó kù díẹ̀ nílẹ̀. Mo mú àpò mìíràn.