Téèpù Tí Mi Ò Fọ̀

Ọjọ́ tí bàbá mi mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Músá ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin, mo rò pé rẹ́díò ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn mí. Òwú àti sípíríìtì ni ọkùnrin náà kó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fọ ẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ẹ̀dì ni irin kékeré tí téèpù máa ń fi ara rọ́ kọjá nínú ẹ̀rọ. Bó bá dọ̀tí, akọrin tó lóhùn bí ẹyẹ á máa dún bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ ẹ́ẹ̀dì. Òfin kan sì wà tí ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé: "Súlè, kó o tó fọ ohùn oníbàárà, kọ́kọ́ da ẹlẹ́gbin ẹ̀ kọ, kó o fi pamọ́. Ìdọ̀tí náà lè ṣe ẹ̀rí."

Àròyé àgbà ni mo pè é nígbà yẹn. Ọ̀gá mi ti kú, ẹ̀rọ ti di kọ̀ǹpútà, èmi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ṣì ń pa òfin náà mọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni kí n máa gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ wáàsí, ìbáà jẹ́ ohùn ìyá tó ti kú, kí n fọ ariwo kúrò nínú ẹ̀, kí n sì kó o sínú mẹ́mórì. Àwọn ọmọ ìsìnyí ní fóònù lè ṣe é. Kí fóònù máa ṣe é! Fóònù náà ló fọ téèpù ìkómọ kan títí igbe ọmọ fi pòórá, tí ìyá ọmọ wá ń sunkún níwájú mi.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta máa ń pàdé sí lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ràájí, ọmọ Ìlọrin tó ń ta àgbàdo ní ọjà Ìpàtà, ẹgbẹ́ mi ni. Ẹnì kẹta ni Tíṣà Jídé, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé ní àdúgbò Basin, ẹ̀gbọ́n wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kó tó di tíṣà, òun ló ń ta gìtá fún Ẹgbẹ́ Àrá, àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí ariwo wọn máa ń mi fèrèsé nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́. Dèjì ni akọrin wọn, òun náà ni olórí.

Làkúrègbé ti ká ìka ọwọ́ òsì Tíṣà kò. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé Dèjì fẹ́ ṣe àwo orin tuntun, ó lọ bá a pé bóyá ó ní nǹkan tí òun lè ṣe níbẹ̀. Dèjì wo ọwọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Jídé, ọwọ́ rẹ ti di orógùn." Tíṣà fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n kò jókòó pẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ pé òun ò tilẹ̀ fìgbà kan mọ gìtá í ta, pé ariwo lásán ni gbogbo ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tó bá ti sọ ọ́, torí pé mo wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà, mo sì ní etí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ràájí wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Wàlàí, ẹ wá gbọ́ nǹkan! Ẹgbẹ́ Àrá ti jí!"

"Òkú tó bá jí," Tíṣà ní, "ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń wá."

A so fóònù mọ́ sípíkà mi ńlá. Kí n má purọ́, nǹkan náà burú. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà lọ ohùn Dèjì títí ó fi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìlù ibẹ̀, ìlù ẹ̀rọ ni, tí kì í rẹ̀, tí kì í làágùn. Orin kejì, oríkì ara ẹ̀ ló ń kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní iná ni òun síbẹ̀.

"Iná wo?" Tíṣà pariwo. "Iná àdògán tí òjò ti pa!"

"Ẹ̀ ń jowú ni, Tíṣà," Ràájí ní.

"Èmi? Kí n máa jowú ẹni tí eyín àtọwọ́dá ń bá gberin?"

Ràájí ò gbà. Ó ní ká dúró de orin kẹta. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀, gìtá sì wọlé. Ràájí na fóònù sí wa ká wo àwòrán ẹni tó ta á: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi awò dúdú bojú, Dáre lorúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. "Èyí náà burú?"

Tíṣà tẹ́tí. Ó yọ ṣùtì. "Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Ó dé ibi tó yẹ kó tẹ okùn kẹrin, ó sá. Ó tún padà débẹ̀, ó tún sá. Ọmọ tó ń bẹ̀rù okùn, ẹ ní ó ń ta gìtá! Ká ní kíláàsì mi ló wà ni, orí ìkúnlẹ̀ ló máa ti gbọ́ agogo."

Ọwọ́ mi dúró lórí rẹ́díò tí mò ń tú. Mo mọ gìtá yẹn. Mo mọ ìdí tó fi ń sá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ta á. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Músá ni Ẹgbẹ́ Àrá ti ń gba ohùn sílẹ̀, téèpù sì ṣọ̀wọ́n. Orin ti dé àárín nígbà tí okùn kẹrin nínú mẹ́fà já lórí gìtá Jídé. Ọ̀gá mi kọ̀ láti dá ẹ̀rọ dúró. Jídé wá ń yí okùn tó já náà ká, ó ń wá ohùn ẹ̀ lára àwọn tó kù, títí orin fi parí. Ọ̀gá mi, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní, "Ẹni tó fi okùn márùn-ún ṣe iṣẹ́ mẹ́fà, ẹ bu omi tútù fún un." Ẹgbẹ́ náà tú ká láìpẹ́ sígbà náà, orin yẹn ò sì jáde rárá.

Lọ́dún tó kọjá, Dèjì gbé téèpù náà wá fún mi, ó ní kí n fọ̀ ọ́ kí àwọn ọmọ òun lè gbọ́. Mo fọ ariwo okùn tó já kúrò, mo fọ ohùn ọ̀gá mi kúrò, ó mọ́ tónítóní. Mo ní kí n ṣe ọ̀kan fún Tíṣà. Dèjì ní, "Dákẹ́ ná, mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni." Èmi òmùgọ̀ sì dákẹ́. Wọ́n ti wá tì í kó yára, wọ́n da ìlù ẹ̀rọ bò ó, wọ́n lẹ ojú ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹni tó bú ọwọ́ ní orógùn ló jí iṣẹ́ ọwọ́ náà.

Tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ta á, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ti pinnu láti kórìíra nǹkan, etí ẹ̀ ti di sí i. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé èmi ni mo fọ ọ̀bẹ fún olè. Mo fẹ́ gbé e mì.

Tíṣà ò tíì ṣíwọ́. "Kí n sòótọ́, ọmọ yìí àti èmi ayé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ ni wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta nínú àwa méjèèjì."

Mi ò lè fara da èyí. Mo yọ fóònù Ràájí kúrò lára sípíkà. "Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ foríjì mí. Ẹ gbọ́ èyí."

Mo wá èyí tí mi ò fọ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà, mo fi sí i. Ó kọ́kọ́ ń dún ṣíìì bí epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ọ̀gá Músá: "Bísímílà. Ó yá." Gìtá bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ. Nígbà tó ṣe, pàá! Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ké: "Yéè, okùn mi!" Ọ̀gá mi jágbe mọ́ ọn: "Má dúró, Jídé! Téèpù ò sí! Máa ta á lọ!"

"A-ùsùbilá!" Ràájí dìde. "Dèjì! Ẹ bá mi mú fóònù mi, kí n bú u!"

Tíṣà gbé ọwọ́ òsì náà sókè pé kó dákẹ́. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Gìtá dé ibi okùn kẹrin, ó yí i ká, ó kọjá. Ó tún débẹ̀, ó tún kọjá. Àwọn ìka kíká yẹn ń gbìyànjú láti rìn lórí orúnkún ẹ̀.

Orin parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí Dèjì ṣe tàn mí, mò ń bẹ̀ ẹ́. Kò dà bí ẹni tó ń gbọ́.

"Súlè."

"Sà."

"Tún un fi sí i." Ó nu ojú. "Ọmọ yẹn mọ gìtá í ta."