Òkú Adìẹ Tí Wọ́n Gbé Wá Sẹ́nu Ọ̀nà Wa

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà láàárọ̀, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ló wà lẹ́yìnkùlé wa. Ó dún bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ bá ń tún ọ̀fun ṣe, tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ló kàn. Mo wọ ṣòkòtò, mo jáde láti kí i. Adìẹ ni mo bá. Àgbébọ̀ òpìpì kan, tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò tó nǹkan, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ó na ọrùn sókè, ó la ẹnu, ó ń hanrun lójúmọmọ.

Iye mi ti dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Òtútù ló mú un."

"Òtútù kì í jẹ́ kí adìẹ hanrun," ni iye mi wí. "Lúkúlúkú ni, àrùn tí í pa adìẹ tán nílé."

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nìyẹn. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, nílé iye mi, mo sì ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Adó lójoojúmọ́. Ní ọ́fíìsì wa, ọ̀gá pọ̀ ju àga lọ. Ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ní Àkúrẹ́ títí di ìjẹta ti di olórí nǹkan kan ní Adó, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a gbé báàgì. Ìmọ̀ ìtàn ni èmi kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti lọ yunifásítì ti mọ ohun gbogbo. Ó gbọ́dọ̀ lè tún rédíò ṣe, kó mọ oògùn ibà, kó sì lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba. Ìbá rọrùn kí n sọ pé n kò mọ̀. N kò tí ì sọ ọ́ rí.

Iye mi ní ti òun ò ju pé kí a sé gbogbo adìẹ mọ́lé, kí òun sì ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó ń bá òun sìn wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má mú adìẹ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì mú un jáde. Bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sìnsìn yìí. Iye mi a mú àgbébọ̀ kan fún obìnrin kan pé kó bá òun sìn ín. Tó bá pamọ, wọn a pín ọmọ náà. Bí adìẹ bá kú mọ́ ẹni tó ń sìn ín lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ wá fi han ẹni tó ni ín, kí a má baà sọ pé ó pa á jẹ. Ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa ló ń bá iye mi sin adìẹ. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn obìnrin ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wá sùn ti iye mi. Àbúrò iye mi, àǹtí mi tó wà nílé ọkọ ní Ìṣẹ́, ni ìkẹrin. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo ni iye mi mú fún un lọ́dún tó lọ́kọ, adìẹ náà sì ti bí títí ó fi kún agbo ilé ọkọ rẹ̀. Àwọn adìẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá, ara àgbébọ̀ yẹn ni wọ́n ti jáde.

Mo ní ìwé pẹlẹbẹ kan nínú báàgì. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ọ̀gbìn ló fún mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó dá lórí ìtọ́jú adìẹ. Àwòrán òyìnbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé adìẹ funfun mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ wá ṣèrìbọmi. Ojú ewé méjìlá ni. Mo ka méjì. Ìkejì sọ pé bí adìẹ bá pọ̀ jù lójú kan tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, wọn a máa wúkọ́. Mo pa ìwé dé.

"Iye, wọ́n ti pọ̀ jù níbí. Ẹ jẹ́ ká pín wọn."

"Ká pín ukọ́?"

"Àwọn tí kò wúkọ́ ni ká kó lọ sí àwọn ilé yẹn. Àwọn tó kù á ráyè mí."

"Ùwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn, tó ń ṣa ẹ̀wà ní ìdí ògiri tó pààlà ilé wa, gbé orí sókè. "Ìyá olóyè ìwé, kí lo tún ń bá a jiyàn sí? Ṣé o rán an nílé ìwé kó lè wá máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ni?"

Iye mi wò mí pẹ́. Mo rò nígbà náà pé ọgbọ́n mi ló ń gbà rò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìtìjú ló ń gbà rò, kí aládùúgbò má baà rí i pé kò gba ọmọ rẹ̀ gbọ́.

"Ó dáa," ló wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ojú wọn ti ń ṣú, a mú wọn, a kó wọn sí agbọ̀n, a pín wọn dé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, èmi fúnra mi gbé àkùkọ kan àti àgbébọ̀ méjì lọ sí Ìṣẹ́. Mo ti wo àkùkọ náà lójú, mo ní ara rẹ̀ le. Ọkọ̀ kò tí ì jáde ní gáréèjì tó fi sín.

"Ọ̀gá, àkùkọ yín ń sín," ni obìnrin tó jókòó tì mí wí.

"Eruku ni."

Ó tún sín.

"Ọyẹ́ ò dáa fún akọ̀wé," ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Kí wọ́n fún un ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé àkùkọ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú àǹtí mi dùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ súre fún mi pé ọmọ tó kàwé tí kò sì gbàgbé ilé kì í wọ́pọ̀. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí òpìpì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí n kò rí rí bẹ̀rẹ̀. Adìẹ kan lọ́ ọrùn sẹ́yìn, ó ń wo ojú ọ̀run, kò sì lè yí i padà mọ́. Òmíràn ń fi ẹ̀yìn rìn kiri àgbàlá títí ó fi wọ inú gọ́tà. Ìgbẹ́ wọn dà bí omi ewé. Gbogbo ilé ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bíi kíláàsì tí ikọ́ mú, ohùn náà sì ń dín kù láràárọ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí tí n kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ń so táì ọrùn mi nígbà tí obìnrin àkọ́kọ́ wọlé. Ó fi aṣọ wé nǹkan, ó kúnlẹ̀ fún iye mi, ó tú u. Adìẹ méjì ni, ó na ìyẹ́ apá wọn sílẹ̀ kí a lè rí i pé ó pé.

"Jọ̀wọ́, má bínú sí mi. N kò jẹ ẹ́. Wò ó."

Ìkejì dé lọ́sàn-án. Ìkẹta, aládùúgbò wa tó ṣa ẹ̀wà yẹn, dé lọ́jọ́ kejì. Tẹkúntẹkún ló gbé tirẹ̀ wá, nítorí adìẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sàba lórí ẹyin ti kú pẹ̀lú. Àwọn tí mo kó àrùn bá ló ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wá. Mo tú táì, n kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì. Ohun kan náà ni iye mi sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ." Kò sí èyí tó béèrè pé ọwọ́ ta ni.

Mo lọ bá dókítà ẹran ní Adó. Mo fi ìwé pẹlẹbẹ mi hàn án, bóyá kó lè mọ̀ pé ẹni tó mọ̀wé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní bí lúkúlúkú bá ti wọlé, kò sí oògùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀ kó tó dé. Ó wá ṣí ojú ewé kẹta, ó fi ìka lé e. Bí ohùn adìẹ bá ti yí padà, a kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan kan jáde, a kò sì gbọdọ̀ gbé òmíràn wọlé. Ọ̀rọ̀ iye mi gẹ́lẹ́, wọ́n kàn wọ kóòtù fún un ni.

"Ta ló kó wọn kiri?" ni dókítà béèrè.

"Àwọn ará ilé," ni mo wí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi dé láti Ìṣẹ́. Ó ti rù. Àpò ike kan ló gbé wá. Ẹsẹ̀ adìẹ ló wà nínú rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n ní ìdì ìdì, nítorí òkú wọn ti pọ̀ ju ohun tó lè gbé wọ ọkọ̀.

"Mo kó wọn wá kí o rí i," ló sọ fún iye mi, "kí o má baà rò pé mo tà wọ́n."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù. Adìẹ ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú tán. Obìnrin náà ní ọwọ́ ìyàwó yìí ni, pé láti ọjọ́ tó ti gba adìẹ tuntun láti ilé wọn ni ibi ti wọlé. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí kò fẹnu kan oúnjẹ tí àǹtí mi sè. Ó sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n má wọ ilé ìdáná rẹ̀ mọ́.

Iye mi yíjú sí mi.

A jọ wọ ọkọ̀ padà lọ sí Ìṣẹ́, èmi àti àǹtí mi. Nínú ọkọ̀ mo to ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ìwádìí níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí a débẹ̀, tí mo rí ìyá arúgbó náà lórí àpótí tó ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo kó o wá."

"Kí lo kó wá?"

"Àrùn yẹn. Àkùkọ náà ti ń sín nínú ọkọ̀. Iye mi ní ká má gbé wọn jáde. Èmi ni mo ní ká gbé wọn. Àǹtí mi ò mọ nǹkan kan."

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́rin, márùn-ún.

"O gbọ́ tó ń sín, o tún gbé e wá?"

"Mo ní eruku ni."

"Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé."

"Ta ló ní o ò kàwé?" Ó béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó yíjú sí ilé ìdáná. "Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ kù?"

"Ó kù, màmá."

"Gbé e kaná. Ebi ń pa mí."

Àǹtí mi wọlé. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró igi ìdáná tó ń dá.

Mo rò pé ó ti tán. Ìyá arúgbó náà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ. "Ìwọ ọmọ yunifásítì, bí o ti wà níbí yìí, ewúrẹ́ mi kan ń wúkọ́ láti ìjẹta. Bá mi wò ó."

Gbogbo adìẹ ìlú méjì ti kú, oyè ìwé náà kò sì kúrò lórí mi.

"N kò mọ̀ nípa rẹ̀, màmá."

"O ò mọ̀ ọ́n?" Ojú rẹ̀ korò, bí ẹni pé mo fi nǹkan du òun.

Àǹtí mi sìn mí dé gáréèjì. Nígbà tí ọkọ̀ kún tí awakọ̀ fẹ́ máa lọ, ó ki orí bọ fèrèsé ọkọ̀.

"Tí o bá tún ń bọ̀, má mú nǹkan kan wá fún mi," ló wí. "Kódà kó jẹ́ búrẹ́dì, màá kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò ọkọ̀ ló bá a rín in.